Ẹ Ka Èémí Aláìsàn fún Ìṣẹ́jú Kan Gbáko: Ìtọ́sọ́nà fún Nọ́ọ̀sì Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wọ Wọ́ọ̀dù

Nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ alẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti Ìkòròdú tàbí Ògùdù sábà máa ń dé wọ́ọ̀dù pẹ̀lú àárẹ̀ lára, nítorí pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland ti gba wákàtí méjì lọ́wọ́ rẹ̀, aláìsàn bí ogún sì ń dúró de òun àti ẹnì kejì rẹ̀ péré. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ wa ni kíka èémí, nítorí pé kò sí ẹ̀rọ tó ń bá wa kà á, ó sì dà bíi pé kò jẹ́ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, èémí gan-an ló máa ń kọ́kọ́ yí. Kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó já wálẹ̀, kí aláìsàn tó dákú, èémí rẹ̀ á ti ń yára fún wákàtí mélòó kan, bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tó kà á. Mo to ìtọ́sọ́nà yìí bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, láti ìgbà tí mo bá wọlé títí dìgbà tí mo bá gbé fóònù láti pe dókítà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ gba iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ á fẹ́ jókòó sídìí tábìlì kó ka orúkọ àwọn aláìsàn fún yín láti inú ìwé. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ jọ rìn yí wọ́ọ̀dù ká. Nídìí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ohun tó gbé aláìsàn wá, ohun tó yí lára rẹ̀ lónìí, àti ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ lálẹ́ náà. Ẹ fi ọwọ́ tọ rọ́bà omi láti ara ìgò dé ara aláìsàn, kí ẹ wò ó bóyá ibi tí abẹ́rẹ́ wọlé sí ti wú, kí ẹ sì kọ iye ìtọ̀ tó wà nínú àpò sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dà á nù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ wo sìlíńdà ọ́síjìn. Ẹ̀rọ tó ń fa ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ a máa dákẹ́ nígbà tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ sì lè pẹ́ kó tó dáhùn. Ẹ ṣí sìlíńdà náà, ẹ wo aago ara rẹ̀, kí ẹ sì fi ojú yín rí kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣí i, nítorí pé sìlíńdà tó kún tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kò yàtọ̀ sí òfìfo. Ẹ wá tọ́ọ̀ṣì, ẹ wá báàgì tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹni tí kò mí mọ́, kí ẹ sì dán ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ àti èébì wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì mọ bí a ṣe ń bi í

Ẹ dúró níbi ẹsẹ̀ aláìsàn fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú láìfọwọ́ kàn án. Ẹni tó jókòó ṣánṣán, tó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, tó sì kọ̀ láti dùbúlẹ̀, èémí ló ń wá. Ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn kan parí láìdánu dúró mí, tirẹ̀ ti kọjá ohun tí a ń fi di àárọ̀. Ẹni tó dákẹ́ lójijì lẹ́yìn tó ti ń ké ìrora láti ọ̀sán lè máa sùn lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ó ti ń lọ, nítorí náà ẹ jí i. Bí ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ lánàá bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà, tó ń fa rọ́bà ara rẹ̀ yọ, ẹ má tíì pè é ní olórí kunkun. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ́síjìn rẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àti bóyá ìtọ̀ ti kún inú rẹ̀.

Ibi tí mo ti rí àṣìṣe jù lọ ni ìbéèrè. A ó ní, "Ẹ kú alẹ́ mà, ara ń kọ́?" Màmá á ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi." Nọ́ọ̀sì á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn kò ráhùn. Ọ̀wọ̀ ni ìdáhùn yẹn, kì í ṣe ìròyìn, nítorí pé a ti tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa láti má ṣe fi ẹnu ara wa pe àìsàn mọ́ra. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí "a dúpẹ́" kò lè dáhùn: "Màmá, ibo ló ń dùn yín jù báyìí?" "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ tọ̀ láti àárọ̀?" "Ìgbà tí ẹ rìn lọ sí ilé ìwẹ̀, ṣé ẹ sinmi lọ́nà?" Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìrora ṣe tó, ẹ na ìka mẹ́wàá síta kí wọ́n ká èyí tí ìrora náà kò tó, iye ìka tó bá ṣẹ́kù ni bí ìrora ṣe tó.

Ohun tí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí ẹ tó sọ ọ́ di orúkọ àrùn. "Àyà mi ń já" lè jẹ́ ẹ̀rù, ó sì lè jẹ́ ọkàn tó ń sáré. "Nǹkan ń rìn mí lára bí èèrà" lè jẹ́ àròkàn, ó sì lè jẹ́ pé ìtọ̀ ṣúgà ti ba àwọn iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. "Ibà" ni àwọn èèyàn wa ń pe gbogbo ara gbígbóná, kò sì túmọ̀ sí pé ibà ẹ̀fọn ni, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ. Bí ọmọ tàbí ìyàwó tó ń ṣọ́ aláìsàn bá sì sọ fún yín pé, "Nọ́ọ̀sì, ojú wọn ò rí báyìí lánàá," ẹ dìde lọ wò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé onítọ̀hún mọ ojú náà ju yín lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Kíka èémí

Ẹ má sọ fún aláìsàn pé ẹ fẹ́ ka èémí rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ti mọ̀ á yí i padà láìmọ̀ọ́mọ̀. Ẹ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó ń ka ìlù ọkàn, kí ẹ rọra gbé ọwọ́ náà lé e láyà, kí ẹ sì kọjú sí aago. Ẹ ó rí aṣọ ìbora tó ń gbé sókè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín. Ìgbésókè kan àti ìsọ̀kalẹ̀ kan jẹ́ èémí kan. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ má kà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí pé àṣìṣe ẹyọ kan níbẹ̀ ti di mẹ́rin nínú ìwé. Bí ẹ ṣe ń kà á, ẹ tún máa wo bóyá ihò imú ń fẹ̀ tàbí bóyá iṣan ọrùn ń nà.

Èémí àgbàlagbà tó wà nísinmi jẹ́ 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá wà láàárín 21 sí 24, ẹ sọ fún ẹni tó jù yín lọ ní wọ́ọ̀dù, kí ẹ sì tún un kà kí wákàtí kan tó pé. Bí ó bá pé 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe dókítà nísinsìnyí. Bí ó bá jẹ́ 8 tàbí kó dín, pàápàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìrora líle bíi pẹ́tídíìnì tàbí mọ́fíìnì, ẹ kígbe pe ìrànlọ́wọ́ láìkúrò níbẹ̀.

Mo rántí obìnrin kan ní ilé-ìwòsàn kan níhà Mainland níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún un ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Nínú ìwé rẹ̀, 20 ni gbogbo èémí ọjọ́ náà láti àárọ̀ títí dalẹ́, ìwé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà sì jẹ́ 20, bí ẹni pé gbogbo wọ́ọ̀dù ń mí pa pọ̀. Mo kà á, ó jẹ́ 34. Ìfúnpá rẹ̀ ṣì dára, ara rẹ̀ kò sì gbóná. Mo pe dókítà, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ ni pé, "Ó jọ pé ara wọn ò yá, sà." Ó ní òun ń bọ̀. Kò tètè dé, nítorí pé n kò sọ ohun tó lè gbé e dìde. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìfúnpá rẹ̀ ti di 80/50. Ọyún ló ti gbá jọ sínú ikùn rẹ̀. Wọ́n tún gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó sì yè, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà tó fi jìyà yẹn, mo mọ ìdí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Àwọn àmì yòókù

Ẹ fi ìka ka ìlù ọkàn, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, nítorí pé ẹ̀rọ lè sọ iye rẹ̀ fún yín láìsọ pé ó tínrín bí okùn tó fẹ́ já. Ó yẹ kó wà láàárín 60 sí 100. Ìfúnpá tó bá ti pé 140/90 ti ga, èyí tí nọ́ḿbà òkè rẹ̀ bá sì ti wálẹ̀ sí 90 jẹ́ ewu. Síbẹ̀, ẹ fi aláìsàn wé ara rẹ̀: bàbá tí tirẹ̀ máa ń jẹ́ 170 lójoojúmọ́, tó wá di 110 lálẹ́ yìí, ìyẹn kì í ṣe ìwòsàn. Nígbà tí iye ìlù ọkàn bá ti ju nọ́ḿbà òkè ti ìfúnpá lọ, ẹ wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara ti ń lọ. Ìtọ̀ náà ń sọ̀rọ̀: ẹni tó wọn 60 kílò yẹ kó máa tọ̀ tó mílílítà 30 ó kéré tán ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má sì dúró de ara gbígbóná kí ẹ tó gbà pé àrùn ti wọ ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ara arúgbó àti ti ọmọ tuntun lè tutù sí ìsàlẹ̀ 36°C nínú àrùn tó le.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ká mi lára gan-an. Àwọn àwòrán inú ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi kọ́ṣẹ́ jẹ́ ti aláwọ̀ funfun, wọ́n ní kí a wo ètè tó di búlúù àti awọ tó pọ́n. Lára adúláwọ̀, ẹ wo ahọ́n, èrìgì, inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn tó máa ń mú ibẹ̀ dà bí eérú. Ẹ̀rọ tí a ń fi sí ìka náà máa ń ka ọ́síjìn adúláwọ̀ ju bó ṣe wà lọ nígbà mìíràn, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà sì fi èyí hàn ní gbangba ní ọdún 2020. Làálì àti ọ̀dà èékánná tún lè tàn án jẹ. Bí ẹ̀rọ bá ní 95, tí èémí sì jẹ́ 28, èémí ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ní ti iyè, ẹ wo bóyá aláìsàn jí fúnra rẹ̀, bóyá ìgbà tí a bá pè é ló ń dáhùn, bóyá ìgbà tí a bá fún un ní ìrora, tàbí bóyá kò dáhùn rárá. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele kan ṣoṣo yẹ ní pípe dókítà. Ẹ sì bá a sọ èdè rẹ̀. Ìyá oníṣòwò láti Bàdágìrì tó ń sọ Ègùn lè má dáhùn ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì kọ ọ́ pé iyè rẹ̀ ti ṣí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìpinnu

Ẹ tẹ̀ lé ètò yìí nígbà gbogbo: ọ̀nà ọ̀fun, èémí, ẹ̀jẹ̀ tó ń yí ara ká, lẹ́yìn náà iyè àti ṣúgà, kí ẹ tó ṣí aṣọ wo gbogbo ara. Ohun tí ẹ bá rí tó bàjẹ́, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó bọ́ sí èyí tó kàn. Láàárín ogún aláìsàn, ẹni tí nọ́ḿbà rẹ̀ ti yí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kì í ṣe ẹni tí ẹbí rẹ̀ ń pariwo jù.

Ṣúgà tó já wálẹ̀. Ẹni tó ń làágùn, tó ń gbọ̀n, tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ gún un níka. Bí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ 70 mg/dL, tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ po hóró ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú omi fún un, tàbí kí ẹ fún un ní ìwọ̀n 150 mílílítà miníráà tó ní ṣúgà. Ẹ tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì tún fún un bí kò bá tíì gòkè, lẹ́yìn náà kó jẹ oúnjẹ gidi. Bí kò bá lè gbé mì, ohunkóhun kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀, ìbáà ṣe oyin tàbí epo tí ẹbí gbé wá, inú iṣan ni gúlúkóòsì yóò gbà. Ẹni tó ń lo glibenclamide, oògùn ìtọ̀ ṣúgà kan, lè tún já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ọjọ́ kan, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó lọ sílé nítorí pé nọ́ḿbà kan ti dára. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá ó ń mu àgbo ìtọ̀ ṣúgà mọ́ oògùn rẹ̀, ẹni tí ẹ bá fi ojú bú kò ní sọ òtítọ́ fún yín.

Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Fún wákàtí méjì àkọ́kọ́, ẹ máa fi ọwọ́ kan ikùn ìyá ní ìṣẹ́jú 15, 15. Ilé-ọmọ tó ti kì máa ń le lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ọsàn tí kò tíì pọ́n, nítòsí ìdodo. Èyí tó rọ̀ bí àmàlà gbígbóná ń da ẹ̀jẹ̀, kódà bí ẹ kò bá tíì rí i níta. Mílílítà 500 ti jẹ́ ewu, ojú wa sì máa ń dín in kù, nítorí pé aṣọ àti fóòmù ti mu nínú rẹ̀. Ẹ tẹ́ ọ̀rá onínọ́ḿbà sábẹ́ ìdí ìyá kí ẹ lè rí iye rẹ̀. Nínú ìwádìí E-MOTIVE tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023, èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa, ẹ̀jẹ̀ dídà tó le dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún nílé-ìwòsàn tó lo irú ọ̀rá yìí, tó sì ń ṣe gbogbo ìtọ́jú pa pọ̀ láìdúró de pé kí ọ̀kan kùnà. Ìtọ́jú náà ni pé kí ẹ kígbe pe èèyàn, kí ẹ máa fọwọ́ ra ilé-ọmọ, kí ẹ fún un ní oxytocin tó ń mú kí ilé-ọmọ kì, kí ẹ fún un ní gíráàmù kan tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí wákàtí mẹ́ta tó pé lẹ́yìn ìbímọ, kí ẹ so omi, kí ẹ sì yẹ ojú ara àti ibi ọmọ wò bóyá nǹkan ya tàbí ó kù. Ẹ tu ìtọ̀ inú rẹ̀ dànù pẹ̀lú, nítorí pé àpò ìtọ̀ tó kún kì í jẹ́ kí ilé-ọmọ kì. Inú fíríìjì, láàárín 2 sí 8°C, ni oxytocin ń gbé, èyí tó ti wà nínú ooru láti àná nítorí àìsíná lè má ṣiṣẹ́. Ẹ tètè rán ẹni tó máa wá ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró kí ó tó burú, nítorí pé afárá kì í mọ̀ pé ẹnì kan ń kú lọ. Bí ibi tí ẹ wà kò bá ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ pe nọ́ḿbà pàjáwìrì Èkó, 767 tàbí 112, ní wákàtí yẹn kan náà.

Aboyún tí orí ń fọ́, tí ojú ń ṣú, tí ìfúnpá rẹ̀ sì ti pé 160/110 kò gbọdọ̀ dá wà. Bí wọ́n bá ń fún un ní magnesium, oògùn tó ń dènà gìrì, kí ẹ tó gún èyí tó kàn, èémí gbọ́dọ̀ tó 16, orúnkún gbọ́dọ̀ ta bí ẹ bá fi nǹkan kàn án, ìtọ̀ sì gbọ́dọ̀ tó mílílítà 30 ní wákàtí kan, kí calcium gluconate, tó ń pa agbára magnesium tó bá pọ̀ jù, sì wà nítòsí. Bí gìrì bá mú un, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọmọdé.

Fún ọmọdé, èémí ti yára jù bí ó bá pé 60 lára ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 50 lára ọmọ oṣù méjì sí tí kò tíì pé ọdún kan, àti 40 lára ọmọ ọdún kan sí tí kò tíì pé márùn-ún. Ẹ kà á nígbà tí kò sunkún. Ọmọ tí kò lè mu ọmú, tó ń bì gbogbo ohun tó bá mu, tí gìrì mú, tàbí tí kò ta pútú, kì í tò sórí ìlà.

Ẹni tí apá rẹ̀ tàbí ẹnu rẹ̀ ṣàdédé yẹ̀, ẹ kọ ìgbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn pé ara rẹ̀ dá, kí ẹ wo ṣúgà rẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀kọ tí ẹbí ń fún un lọ́wọ́ wọn títí ẹ ó fi rí i pé ó lè gbé mì.

Àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí a ń pè ní ẹ̀jẹ̀ SS, ẹ gbà wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ní ó ń dùn àwọn. Mo ti gbọ́ kí wọ́n máa pè wọ́n ní ẹni tí abẹ́rẹ́ ti di bárakú fún, ó sì dùn mí. Bí àyà bá ń dùn wọ́n, tí ara gbóná, tí èémí yára, ẹ pe dókítà kí ẹ tó wá pánádó.

Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀, ẹ máa yí i ní wákàtí méjì méjì. Lára awọ dúdú, ẹ má dúró de pípọ́n kí ẹ tó mọ̀ pé egbò ń bọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀: ibi tó gbóná, tó le, tàbí tó dúdú ju awọ tó yí i ká lọ ti ń bàjẹ́ lábẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí a ṣe ń pe dókítà

Nọ́ḿbà ni kí ẹ fi pè é, bí àpẹẹrẹ: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù obìnrin. Mo ń pè yín lórí màmá bẹ́ẹ̀dì kẹfà, tí ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún lọ́jọ́ kẹta. Èémí wọn jẹ́ 34, 18 ni ní agogo méjì ọ̀sán. Ìlù ọkàn jẹ́ 118, ìfúnpá 100/60, ikùn wọn sì le. Mo ń fura sí àrùn inú ikùn. Mo fẹ́ kí ẹ wá wò wọ́n láàárín ìṣẹ́jú 15, sà. Kí ni kí n ti máa ṣe kí ẹ tó dé?" Ohun tó bá ní kí ẹ ṣe, ẹ kà á padà fún un. Bí kò bá dé, ẹ kọ àkókò tí ẹ pè é sílẹ̀, kí ẹ sì pe ẹni tó jù ú lọ. Kò sí àrífín nínú rẹ̀.

Àkókò tí ẹ ṣe nǹkan ni kí ẹ kọ, kì í ṣe àkókò tí ẹ rí àyè jókòó. Lẹ́yìn ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ padà lọ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí ẹni tó ń gba iṣẹ́ bá dé, ẹ mú un lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì náà, ẹ sọ iye tí ẹ kà kẹ́yìn fún un, kí ẹ sì jọ wo aago kan náà fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó lọ wọ mọ́tò.